Nọ́ńbà Tó Yà Kúrò Lójú Ìlà

Sẹ̀ntímítà mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nọ́ńbà yìí ni kò jẹ́ kí Inspẹ́kítọ̀ Zipporah Ayọ̀dèjì rójú jẹ búrẹ́dì àti àkàrà tó gbé síwájú. Ó ti ka ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ni ojú rẹ̀ ń lọ dúró sí.

Ìwé tí wọ́n ń kọ gíga omi odò sí ni. Ní etí odò ní Kpata, àtẹ̀gùn kọnkéré kan sọ̀ kalẹ̀ wọ inú omi, wọ́n sì kan pátákó gígùn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí omi bá dé lára pátákó ni gíga omi lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ Christopher Bámiṣayé ni láti máa lọ wò ó láràárọ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn ní Àbújá, kí àwọn tí omi lè wọ ilé wọn lè tètè gbọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n bá Làmídì, bàbá arúgbó tó ń ṣe mẹ́gáàdì níbẹ̀, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà. Orí rẹ̀ ti fọ́, ó sì ti kú. Christopher ní òun rí ẹni tó pa á. Ó ní Mọ́nsúrù ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, àti pé àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ ló là mọ́ bàbá náà lórí. Gbogbo Kpata ló sì gbọ́ ọ nígbà tí Mọ́nsúrù àti Làmídì ń bú ara wọn ní Ọjọ́bọ̀, nítorí pé Mọ́nsúrù so ọkọ̀ mọ́ àtẹ̀gùn ìjọba. Ta ni yóò tún máa wá ẹlòmíràn kiri? Wọ́n ti mú un, wọ́n ti tì í mọ́lé, ọ̀rọ̀ ti parí lójú gbogbo ènìyàn.

Zipporah tún fi ìka tẹ̀lé àwọn nọ́ńbà náà. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mítà 7.00. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6.84. Ọjọ́rú, 6.67. Ọjọ́bọ̀, 6.50. Ọjọ́ Ẹtì tí bàbá náà kú, 5.71. Odò tó ń fi sẹ̀ntímítà mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún lọ sílẹ̀ lójúmọ́, kí ló lé e tó fi já mọ́kàndínlọ́gọ́rin lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo?

"Ayọ̀dèjì!" DPO Kọ́mọláfẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fajú ro. "Ṣé o fẹ́ jẹ ìwé yẹn ni?"

"Rárá, sà. Nọ́ńbà kan ló—"

"Má sọ nọ́ńbà kankan fún mi. Aago méjì ọ̀sán òní, fáìlì Mọ́nsúrù gbọ́dọ̀ wà ní kóòtù. Bó o bá tún fi ìwà tíṣà dá mi dúró lónìí, wàá mọ̀ pé èmi kì í ṣe ọmọ kíláàsì rẹ."

Tíṣà ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ náà, wọn kò sì fi ìfẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìsánlú kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà pé ẹni tó ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè mú olè.

Ó mọ ohun tí aago méjì túmọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń gbà lọ tààrà láti dúró de ìgbẹ́jọ́, ìgbẹ́jọ́ náà sì lè má bẹ̀rẹ̀ títí ọdún mẹ́rin. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tí kò ní lọ́yà, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Bí Mọ́nsúrù bá kúrò ní àgọ́ yìí ní aago méjì, kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí yóò padà sílé.

Láti ìta, ohùn Ṣàmsíátù, ìyàwó Mọ́nsúrù, ń wọlé tọ̀ wọ́n wá. "Ẹ̀yin ìkà! Ẹ gbé ọkọ mi jáde! Ọlọ́run máa bi yín!" Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti jókòó síwájú àgọ́, èpè rẹ̀ kò sì tíì tán.

*

Zipporah ti ilẹ̀kùn, ó mú fóònù rẹ̀. Ojú ìwé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń lò nígbà tó ń kọ́ni. Ọ̀fẹ́ ni. Bí èèyàn bá ti tẹ àwọn nọ́ńbà sí i, á fi àmì kékeré sí àyè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí gíráàfù, bó bá sì tẹ fọ́múlà sí i, á ya ìlà rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́.

Ó pe ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ní òdo, nítorí ibẹ̀ ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tí bàbá kú wá di mẹ́rìnlélógójì. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ lápá kan, mítà lápá kejì, títí àmì márùndínláàádọ́ta fi pé. Wọ́n tẹ̀ kọrọdọ láti òkè lápá òsì wá sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó wo bí wọ́n ṣe tẹ̀, ó sì mọ irú fọ́múlà tó lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ó fi àyè nọ́ńbà méjì sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó wá ń fi ìka fa àwọn nọ́ńbà náà sókè sódò. Bó ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni ìlà náà ń rìn lójú fóònù. Ó kọjá lókè àwọn àmì náà, ó kọjá nísàlẹ̀ wọn. Nígbà tó dé orí y = 10.2 − 0.002x², ìlà náà jókòó.

Ó jókòó débi pé Zipporah fa fóònù mọ́ra. Àmì mẹ́rìnlélógójì ló wà lórí ìlà náà gan-an, kò sí èyí tó fi irun kan yà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dá dúró nísàlẹ̀, ìyẹn ti ọjọ́ Ẹtì.

Ọdún mẹ́fà tó fi kọ́ni, ohun tó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò yí padà: àmì tó bá ṣáko kúrò lójú ìlà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá àṣìṣe yín. Inú rẹ̀ dùn. Christopher kò dé odò lọ́jọ́ Ẹtì, nọ́ńbà ọjọ́ náà, ńṣe ló hùmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò sì lè rí Mọ́nsúrù. Ó gbé fóònù, ó sáré lọ bá DPO.

Kọ́mọláfẹ́ gbọ́ ọ títí dé òpin, èyí tó ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn gbọ́.

"Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì? Mo gba ìwé yẹn lọ́wọ́ Christopher, mo sọ̀ kalẹ̀, èmi fúnra mi wo pátákó. 5.71 ni. Ohun tó kọ ni mo bá níbẹ̀. Kí lo rò pé ó jẹ́ kí n gbà á gbọ́?"

"Ẹ̀yin fúnra yín, sà?"

"Ojú mi méjèèjì yìí. Gbé gíráàfù rẹ kúrò lórí tábìlì mi."

Ojú ti Zipporah débi pé kò rántí kí i kó tó jáde.

*

Ó kọjá sí sẹ́ẹ̀lì. Mọ́nsúrù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ òsì ti wú pa, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan bí ẹni gbé ẹrù olóhun. Kò gbórí sókè.

"Ṣé ó tún kan ẹ̀yin náà láti lù mí ni?"

"Mo wá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ni. Níbo lo wà ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ọjọ́ Ẹtì?"

"Lórí omi. Mo ń gbé àwọn oníṣu bọ̀ láti òdìkejì."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé yín wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ṣé ó béèrè orúkọ yín?"

"Christopher ní òun rí ọ."

"Ta ló ń jẹ́ Christopher?"

"Ẹni tó máa ń wá ka omi láràárọ̀."

Mọ́nsúrù gbórí sókè wàyí. "Ẹnì kan ń wá ka omi? Màdáámù, láti ìgbà tí omi ti kún, mo ń so ọkọ̀ mi níbẹ̀ láràárọ̀. Bàbá Làmídì nìkan ni mo ń rí. Bàbá náà ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo pátákó yẹn, tí á máa bú mi bó ṣe ń lọ, tí á máa bú mi bó ṣe ń bọ̀." Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ máa lọ. Ẹ̀yin náà ò gbà mí gbọ́."

Òótọ́ ni pé kò gbà á gbọ́. Ohun tí ẹni tó wà ní sẹ́ẹ̀lì lè sọ kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ó wo aago, ó rí i pé mọ́kànlá kò tíì lù, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí Kpata.

*

Àwọn oníyanrìn wà létí omi, wọ́n ń kó yanrìn kúrò nínú ọkọ̀. Obed ni olórí wọn, ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan láti Àgbájà. Nígbà tó rí i pé ọlọ́pàá ni, ó yíjú sí ọkọ̀ rẹ̀.

"Okun o," Zipporah kí i, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé.

Ìkíni náà kò rọ̀ ọ́ lọ́kàn. "Madam, una don carry Mọ́nsúrù. Ta ló kù tẹ́ ẹ tún fẹ́ kó?"

"Yanrìn tẹ́ ẹ ń wà láàárín odò lọ́hùn-ún, ọjọ́ wo ló yọ síta?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ dá mi lóhùn, kí n lè tètè kúrò níwájú yín."

Ìyẹn bá a lára mu. "Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tá a ti wà lórí rẹ̀, a ò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí dòní."

"Ọjọ́ Ajé? Ṣé ó dá yín lójú?"

"Madam, yanrìn ni mò ń jẹ. Bí omi bá ti ga ju mítà mẹ́fà lọ lára pátákó, orí yanrìn yẹn ṣì wà lábẹ́ omi. Bàbá Làmídì ló máa ń dúró sórí àtẹ̀gùn tí á pariwo pé ó ti bọ́ sábẹ́ mẹ́fà, ká lọ wa yanrìn wa. Ọjọ́ Ajé yẹn ló pariwo."

"Bàbá ló ń pariwo? Ẹni tó ń ka omi ńkọ́?"

Obed ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Inú tó ń bí i sí ọlọ́pàá wá rí ẹlòmíràn tí yóò fò mọ́. "Ta lẹ ń pè lẹ́ni tó ń ka omi? Nínú oṣù Kẹwàá, omi ń gòkè bọ̀, Bàbá pe ọkùnrin yẹn lórí fóònù níṣojú mi. Ó ní kó sọ fún Àbújá pé omi ti ń wọlé. Ẹ mọ ohun tó dáhùn? Ó ní ìwé òun sọ pé omi ń fà sẹ́yìn! Lálẹ́ ọjọ́ kejì, omi gbé bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ mi lọ. Bàbá búra pé bí àwọn ọ̀gá bá ti Àbújá dé lọ́jọ́ Ẹtì, òun máa tú gbogbo ẹ̀ síta."

"Ọjọ́ Ẹtì wo?"

"Ọjọ́ Ẹtì tó kú, àbí èwo ni?"

Zipporah lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn kọnkéré náà. Ní ọjọ́ Ajé, ìwé Christopher ní omi ga tó mítà méje. Ní ọjọ́ Ajé kan náà, Obed àtàwọn èèyàn rẹ̀ dúró lórí yanrìn tí kì í yọ àfi bí omi bá lọ sábẹ́ mẹ́fà. Àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́. Odò kò já lójijì lóru Ọjọ́bọ̀. Ó ti wà nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tó wá wò ó ni.

Ó ṣí fóònù, ó tún wo gíráàfù rẹ̀, inú ara rẹ̀ sì bí i. Báwo lòun ṣe wò ó tí òun kò rí i? Odò tí òjò ń rọ̀ sí, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù, tí wọ́n ń tú omi ìdídò sí láti òkè, kò lè tẹ̀lé fọ́múlà fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì láìyà. Èèyàn ló jókòó sílé tó ya ìlà yẹn. Ibi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti wá àṣìṣe lòun náà lọ wá a, ìdí nìyẹn tó fi gba òdì. Irọ́ ni gbogbo àmì tó wà lórí ìlà. Èyí tó yà kúrò nìkan ni òótọ́.

Nínú ọjọ́ márùndínláàádọ́ta, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Christopher Bámiṣayé wá sí odò. Ọjọ́ tí wọ́n pa Làmídì ni.

*

Ní Gadumo, Christopher wà nínú yàrá tó ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB. Ẹ̀rọ kan ń tan àwòrán sára ògiri, Zipporah kò sì nílò kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìwé ìyàgíráàfù kan náà ni, ìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sì tẹ̀ wálẹ̀ lójú rẹ̀.

"Inspẹ́kítọ̀, mo wà lẹ́nu iṣẹ́," ni Christopher wí. Kò dìde. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì ń wo bàtà Zipporah tó ti kún fún yanrìn.

"Ó ku ibì kan tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí kí fáìlì tó lọ. Ìlà yẹn mà dára o. Fọ́múlà wo ni?"

"Kò lè yé yín." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kí wọ́n rín in tó.

Bó ṣe ń lọ pa ẹ̀rọ rẹ̀, Zipporah jáde, ó pe ọ́fíìsì tó ń gba àwọn nọ́ńbà náà ní Àbújá. Obìnrin tó gbé e fi ìgbéraga sọ̀rọ̀.

"Ta ló fún yín ní nọ́ńbà yìí? A kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí fóònù."

"Ẹnì kan kú, ẹlòmíràn sì fẹ́ jìyà rẹ̀ ní aago méjì òní. Bí ẹ bá fẹ́ kí n kọ orúkọ yín sínú fáìlì pé ẹ kọ̀ láti dáhùn, ẹ sọ fún mi."

Zipporah gbọ́ tí obìnrin náà ń tẹ nǹkan. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ tí Christopher fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì fi wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, ó ka aago, ó sì padà wọlé lọ pe Christopher sí àgọ́.

*

Aago kan ti kọjá nígbà tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì DPO. Kọ́mọláfẹ́ bínú pé wọ́n tún gbé ẹlẹ́rìí òun wá bí ọ̀daràn, ó sì sọ ọ́. Zipporah gbé bébà àti báírò síwájú Christopher.

"Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mélòó lẹ ka omi?"

"Mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. 5.71. Ọ̀gá yín náà rí i."

"Mo rí i," Kọ́mọláfẹ́ wí.

"Ìgbà wo lẹ kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Lójú ẹsẹ̀."

"Tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí Àbújá?"

"Lójú ẹsẹ̀ náà. Bí mo ṣe ń fi fóònù sápò ni mo gbọ́ ariwo, mo wẹ̀yìn, mo rí Mọ́nsúrù àti àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?"

"Ìgbà kan sí i. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i."

Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó fi báírò lélẹ̀. Zipporah wá gbé fóònù síwájú DPO, ó ṣàlàyé ìlà náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì sọ ohun tí Obed sọ nípa yanrìn. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣọ́ ojú Christopher. Ó ti retí kó gbọ̀n, àmọ́ ńṣe ni ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti àga.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà." Ó ti gbọ́ orúkọ yẹn níbì kan. "Ó dáa, mo gbà. N kì í lọ sódò. Omi ọdún tó kọjá ni mo yà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo wá ń ka nọ́ńbà ojoojúmọ́ lára rẹ̀. Kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìpànìyàn. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ nítorí pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara yín sọ pé òótọ́ ni nọ́ńbà ọjọ́ Ẹtì. Mo wà níbẹ̀, mo sì rí Mọ́nsúrù."

Kọ́mọláfẹ́ lu tábìlì. "Ayọ̀dèjì, ṣó o gbọ́? Ọ̀lẹ ni, ó ṣì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti tán."

"Ó ku ẹyọ kan, sà." Zipporah fi ìka kan ojú fóònù, àwòrán tó wá láti Àbújá sì yọ. "Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayé, ẹ ka èyí sókè fún wa."

Christopher wò ó, kò kà á.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Omi, mítà 6.33." Ó nawọ́ sí bébà tó wà níwájú Christopher. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé ẹ ti ka 5.71 ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, ẹ sì fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Níbo lẹ ti rí 6.33?"

"Mo ṣì í tẹ̀."

"Ẹ kò ṣì í tẹ̀." Zipporah dá gíráàfù padà sójú fóònù. "Ẹ wò ó, sà, ọjọ́ kẹrìnlélógójì lórí ìlà rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Kọ́mọláfẹ́ fi ìka rẹ̀ tó tóbi tẹ ìlà náà. Nọ́ńbà kékeré kan yọ sókè. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì kà á jẹ́jẹ́: "6.33."

Zipporah kò sọ "ẹ" mọ́.

"O kò tíì wo pátákó nígbà tó o fi ránṣẹ́. Lára ìlà rẹ lo ti kà á bó o ṣe máa ń ṣe, kó o tó dé odò. O dé odò, o kò wá ka omi. Kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

"Mo wá... àwọn ọ̀gá—"

"Àwọn ọ̀gá ń bọ̀, Bàbá Làmídì sì ń dúró dè wọ́n. Òun nìkan ló lè sọ fún wọn pé o kì í wá. Lẹ́yìn tó kú tán lo rántí pé ẹlẹ́rìí tó wá ka omi gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tó bá pátákó mu, torí ọlọ́pàá lè wò ó. O sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, o kọjá lára òkú bàbá, o wo pátákó, o kọ ọ́. Láti oṣù Kẹwàá, omi ń gbé ẹrù àwọn èèyàn lọ, o kò kọ òótọ́ kan. Ìgbà tí òótọ́ máa wúlò fún ìwọ nìkan lo tó kọ ọ́."

Christopher ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbéraga ti kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ṣì kù síbẹ̀, bíi pé àwọn ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Mo bẹ̀ ẹ́," ló wí níkẹyìn. "Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo ní dìgírì, fún mẹ́gáàdì. Ó ní òun máa sọ. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo kàn tì í ni. Mo kàn tì í báyìí."

"Mọ́nsúrù ńkọ́?" Kọ́mọláfẹ́ ló béèrè.

"Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi láàárọ̀ yẹn. Ó ní Mọ́nsúrù ọlọ́kọ̀ ojú omi bú òun lánàá, kò dun òun tó tèmi." Ó gbé èjìká sókè. "Orúkọ ẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu."

*

DPO kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Zipporah. Ó fa orúkọ Mọ́nsúrù ya lára fáìlì, ó ní kí wọ́n lọ ti Christopher mọ́lé, ó wá wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí méjì lù. "Lọ tú u sílẹ̀," ló wí, kò sì wò ó lójú.

Zipporah ṣí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ó mú Mọ́nsúrù wá síwájú káńtà láti fọwọ́ sí ìwé ìtúsílẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà kò lè mú báírò, àfìgbà tó fi òsì fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ kan síbẹ̀. Ṣàmsíátù ti wọlé. Kò ṣépè mọ́, kò sì dúpẹ́. Ó di apá ọkọ rẹ̀ mú, ó ń wo ojú tó wú náà, omi sì ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀.

"Ta ló pa Bàbá?" Mọ́nsúrù béèrè.

"Christopher. Ẹni tó ń ka omi."

"Ó jẹ́wọ́ fún yín?"

"Ó jẹ́wọ́."

"Ṣé ẹ lù ú?"

"Rárá. A ò lù ú."

"Báwo lẹ ṣe wá ṣe é?"

"A bi í léèrè ọ̀rọ̀ ni."

Mọ́nsúrù mi orí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń rò ó. Ó fi ojú kan tó là wo ọ́fíìsì DPO, ó wo àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn káńtà tí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó wá yí padà sí i.

"Èmi náà ì bá dáhùn, Màdáámù," ló wí, "ká ní ẹ ti bi mí lọ́jọ́ Ẹtì."